Aṣọ Lórí Aṣọ: Ìtàn Bí Àwọn Tó Ń Gbá Géèmù Ṣe Ń To Àwòrán Oníruúrú Lé Ayé Kan Ṣoṣo Lórí

Ní agbègbè Fọlá Agoro ní Ṣómólú, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jìnnà sí etí ẹni tó ń kọjá lọ. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló kún àwọn òpópónà ibẹ̀: ọ̀kan ń tẹ kàlẹ́ńdà, èkejì ń gé ìwé, ẹ̀kẹta ń fi ọ̀rá bo èèpo ẹ̀yìn ìwé kó lè máa dán. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ àwòrán ìyàwó ojú ọ̀nà sára ìwé ìpè, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pléètì mẹ́rin ni wọ́n ń lò: ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún yẹ́lò, ọ̀kan fún dúdú. Kò sí èyí tó pé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gun ara wọn lórí tán ni ojú, ètè àti gèlè yóò tó hàn dáadáa. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìyàwó a di onímú méjì, oníbàárà a sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà wá.

Pé ohun kan tí ojú rí lè jẹ́ ìpele mẹ́rin tí ọwọ́ tò léra wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Ṣómólú, nígbà náà. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ní ìtàn mìíràn, tí kò tíì pé ogójì ọdún, nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá Minecraft lè mú àwòrán igi láti ọwọ́ ẹnìkan, àwòrán òkúta láti ọwọ́ ẹlòmíràn, àti àwòrán ojú ọ̀run láti ọwọ́ ẹni kẹta, kí wọ́n tò wọ́n léra, kí ayé tí wọ́n ń kọ́ sì gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ bí aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí kò mọ géèmù náà kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Minecraft jẹ́ ayé tí a fi búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin kọ́: ilẹ̀, igi, omi, òkúta. Ẹni tó wọ inú rẹ̀ lè wà á, kó kó o jọ, kó fi kọ́ ilé tàbí odindi ìlú bó ṣe wù ú. Markus Persson, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣe é, ó sì gbé ẹ̀yà àkọ́kọ́ síta fún aráyé ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2009. Ní 2014, Microsoft kéde pé òun yóò ra ilé-iṣẹ́ Mojang tó ni géèmù náà ní bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti ju mílíọ̀nù 300 lọ.

Lára búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ni àwòrán kékeré kan wà, tó ń sọ fún ojú pé ilẹ̀ nìyí, igi nìyí. Àkójọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ẹnìkan yà láti fi rọ́pò ti ilé-iṣẹ́, ni àwọn tó ń gbá géèmù náà ń pè ní texture pack. Àpò àwòrán ni Yorùbá lè pè é. Bí a bá pààrọ̀ àwòrán ara búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ kò yí padà. Bí a ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀ la ṣì ń wà á, ohun tó wúlò fún náà ló ṣì wúlò fún. Àwọn ará Èkó máa ń fi ará Ṣómólú ṣe ẹ̀fẹ̀ pé orí rẹ̀ pé débi pé ó ta dáńfó, ó fi ra Píjò. Ẹni tó pààrọ̀ àwòrán búlọ́ọ̀kù kò ta dáńfó rárá. Dáńfó náà ló ṣì ń wà kiri. Ọ̀dà rẹ̀ nìkan ló tún kùn.

Kí Minecraft tó dé ni irú àtúnkùn báyìí ti wà. Ní 1992, nígbà tí ilé-iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé Wolfenstein 3D jáde, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wá ọ̀nà wọ inú fáìlì rẹ̀, wọ́n sì ń fi àwòrán tiwọn rọ́pò èyí tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ tirẹ̀ lé ti olóhun lórí ti pa ti olóhun rẹ́. Bí kò bá fi ẹ̀dà kan pamọ́, tó wá fẹ́ kí nǹkan padà sí bó ṣe wà, àfi kó tún géèmù náà gbé sórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. John Carmack, ọ̀gá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ yẹn, kò bá wọn jà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Doom jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1993, wọ́n ti kó àwòrán, ìró àti máàpù sọ́tọ̀ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí WAD. Ẹni tó bá ní èrò tirẹ̀ yóò ṣe WAD kékeré kan, kọ̀ǹpútà yóò ka ti olóhun ṣáájú, yóò sì wá ka ti àlejò lé e. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n pè, èyí tí wọ́n pè kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ. Bí wọ́n bá tún géèmù ṣí láìpè wọ́n mọ́, ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń pàṣẹ, ohun tó wà nísàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́: òfin kékeré yìí ni gbogbo ìtàn tó kù dúró lé. Ohun ìyanu ni pé Minecraft, tó dé lẹ́yìn Doom pẹ̀lú ọdún mẹ́rìndínlógún, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú àwọn ẹ̀yà àkọ́kọ́, àwòrán búlọ́ọ̀kù gbogbo wà lójú ìwé kan ṣoṣo, nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní terrain.png. Wọ́n là á sí ojúlé 16 ní ìbú àti 16 ní òró, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojúlé 256. Ojúlé kọ̀ọ̀kan tún ní àmì àwọ̀ kéékèèké 16 ní ìbú àti 16 ní òró. Ẹni tó bá ti tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ sílẹ̀ wò rí, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, kò ní ṣàjèjì sí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan ni wọ́n là sí ojúlé-ojúlé, tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú wọn pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, òpó Gbọ̀ngàn Mápó sì wà lára ohun tí a mọ aṣọ náà mọ́. Àwọn ìyá tó rẹ aṣọ yẹn láró mọ̀ pé ojúlé kan lè yàtọ̀ sí èkejì kí aṣọ sì jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé bí aṣọ bá ti wọ inú ìkòkò aró, ojúlé kan kò ṣeé yọ sọ́tọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni terrain.png rí. Ojú ìwé kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyọ ojúlé kan nínú rẹ̀ ní láti gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní láti tú àpótí ètò géèmù náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi tiwọn rọ́pò ojú ìwé yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará 1992 ti ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí a yan àpò àwòrán láti inú ètò rẹ̀ láìtú ohunkóhun. Àpò kan ṣoṣo ló sì gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ràn igi inú àpò kan, tó sì fẹ́ràn òkúta inú òmíràn, ní láti ṣí ojú ìwé méjèèjì nínú ètò ìyàwòrán, kó gé ojúlé kọ̀ọ̀kan láti ibí, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tọ̀hún, kó ṣọ́ra kí àmì àwọ̀ ẹyọ kan má yẹ̀. Atẹ̀wé Ṣómólú tó ń tún pléètì gbé sí ipò rẹ̀ lóru mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó ya àpò kejì bá ya tirẹ̀ tóbi, tí ojúlé rẹ̀ ní àmì 32 dípò 16, wàhálà di méjì. Géèmù náà fúnra rẹ̀ kò tíì mọ àwòrán tó ju 16 lọ nígbà náà. MCPatcher, ètò tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ṣe fúnra wọn, ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn kó lè gbà á.

Àwọn kan wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tó ń jẹ́ Rhodox lórí íntánẹ́ẹ̀tì ya àpò tó pè ní Painterly Pack, ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù máa yan ohun tó fẹ́ nínú onírúurú koríko, òkúta àti ilẹ̀kùn tó yà sílẹ̀. Ẹ̀rọ yóò bá a to ojú ìwé tirẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ya gbogbo ohun tí à ń yàn níbẹ̀. Kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ da ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta yìí sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá gé ojúlé láti ojú ìwé mẹ́ta, tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ìwé kẹrin, orúkọ àwọn tó yà wọ́n kò bá ojúlé lọ. Ojú ìwé kẹrin ti di odindi, ẹni tó bá sì rí i yóò rò pé ẹni tó gbé e wá ló yà á. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń kọ ọ́ sára iṣẹ́ wọn pé ẹni tó bá fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn fún ìlò ara rẹ̀ nínú ilé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé e síta láìgbàṣẹ. Ìtàn ilé Yorùbá náà kò ṣàìní irú rẹ̀. Orúkọ Ìbàdàndùn wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó mọ àdìrẹ. Orúkọ ìyá tó kọ́kọ́ kó ojúlé wọ̀nyẹn jọ sórí aṣọ kan kò bá a rìn.

Ọdún 2013 ni ohun gbogbo yí padà, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbà. Ní oṣù kẹta, ẹ̀yà 1.5 fa ojú ìwé ńlá yẹn ya: búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wá ní fáìlì tirẹ̀, géèmù sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àwòrán tó ju 16 lọ fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje, ẹ̀yà 1.6 sọ àpò àwòrán di àpò ohun èlò, tí ìró, ìrísí lẹ́tà àti èdè pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di resource pack. Ní oṣù kẹwàá, pẹ̀lú ẹ̀yà 1.7.2, ilẹ̀kùn tí àwọn ènìyàn ti ń kàn láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí: a lè to àpò púpọ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá àwọn tó fa ojú ìwé ya ní oṣù kẹta ti ní ti oṣù kẹwàá lọ́kàn, bóyá wọn kò ní in, láìsí ti ìṣáájú, ti ìkẹyìn kì bá tí ṣeé ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Ọ̀wọ́ méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ti òsì jẹ́ àwọn àpò tó wà nílé, ti ọ̀tún jẹ́ àwọn tí a ti yàn. Nígbà tí géèmù bá ń wá àwòrán òkúta, àpò tó wà lókè pátápátá ló kọ́kọ́ ń bi. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, yóò tún sọ̀kalẹ̀, títí yóò fi kan ti ilé-iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ kúrò. Ẹni tó bá gbé àpò ńlá tó ní àwòrán ohun gbogbo sókè, tó wá fi àpò kékeré tó ní àwòrán ilẹ̀kùn nìkan sísàlẹ̀, kò ní rí ilẹ̀kùn rẹ̀ láéláé. Kékeré ló gbọ́dọ̀ gun ńlá.

Níbí ni ọ̀nà Ṣómólú àti ọ̀nà géèmù ti pínyà. Yíǹkì atẹ̀wé ń jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ yọjú. Yẹ́lò tó gun búlúù a di àwọ̀ ewé. Àwòrán búlọ́ọ̀kù kì í pò mọ́ra bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù kan náà, ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí a lẹ pósítà olóṣèlú kan mọ́ orí ti alátakò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Èkó ní àsìkò ìdìbò kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti èdè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni géèmù ń wò níbẹ̀, kì í ṣe odindi fáìlì. Àpò tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré yóò yí márùn-ún yẹn padà, yóò sì jẹ́ kí ìyókù máa dún bó ṣe ń dún.

Àwọn àpò kéékèèké wá pọ̀ bí ewé. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ rán fìlà ní láti rán agbádá, bùbá àti ṣòkòtò mọ́ ọn, nítorí ojú ìwé kan náà ni gbogbo wọn wà. Nísinsin yìí, ó lè rán fìlà nìkan kó sì gbé e síta. Ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà, Vanilla Tweaks, tó kún fún irú fìlà bẹ́ẹ̀: àtúnṣe kéékèèké tí olúkúlùkù ń mú, èyí fún iná, èyí fún koríko. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sì í sábà sọ ni pé ìtòléra yìí tún dá orúkọ padà fún àwọn ayàwòrán. Àpò mẹ́ta tí a tò léra ṣì jẹ́ àpò mẹ́ta. Orúkọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀wọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, olúkúlùkù sì lè lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó wá dà wọ́n pọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀nà tó tọ́ pín àdàpọ̀ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kò nílò ju kó kọ orúkọ àpò mẹ́ta àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Àwọn tó ń lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó pín in ṣì wà. Wọn kò wá ní àwíjàre pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Ìtòléra kò ṣàìní ìyọnu tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, ẹ̀yà 1.13 yí orúkọ fódà padà, tí ibi tí wọ́n ti ń kọ blocks di block. Lẹ́tà kan péré ló kúrò, àwòrán inú ọ̀pọ̀ àpò àtijọ́ kò sì hàn mọ́. Àpò tí olóhun rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ni a tètè túnṣe. Àwọn olóhun mìíràn ti dàgbà, wọ́n ti ríṣẹ́, wọ́n ti lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2019, nǹkan tó tún ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀. Mojang pààrọ̀ àwòrán ti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán Jasper Boerstra. Fìlà tí ẹnìkan ti rán láti bá agbádá àtijọ́ mu wá rí bí fìlà àyálò lórí agbádá tuntun. Ilé-iṣẹ́ kò sọ àwòrán àtijọ́ nù ṣá. Wọ́n dì í sínú àpò kan tí wọ́n pè ní Programmer Art, tí ẹni tó bá ń ṣàárò rẹ̀ lè gbé gun tuntun. Báyìí ni onílé tẹ́lẹ̀ ṣe di àlejò tó ń dúró nínú ọ̀wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Owó náà dé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ọjà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ṣí, níbi tí a ti ń fi owó ra àpò fún ẹ̀yà tí a ń gbá lórí fóònù. Lórí fóònù náà, òfin kan náà ni: èyí tó wà lókè ló ń pàṣẹ.

Ti Yorùbá ńkọ́ nínú gbogbo ìtòléra yìí? Ó wà níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ. Nínú ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tí a lè yàn, Ígbò náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló sanwó fún un. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà orí fóònù, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò ra kọ̀ǹpútà fún, kò ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ níbẹ̀ ní láti fi àpò gbé e wọlé fúnra rẹ̀, nítorí àpò ti fóònù náà lè gbé èdè.

Ti àwòrán rọrùn ju ti èdè lọ. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ òpópónà kan ní Fọlá Agoro sínú géèmù yìí lè fi àpò ńlá kan sísàlẹ̀ tí igi àti omi rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá àpò irin tó ti dípẹtà lé e lórí fún páànù òrùlé. Bí ó bá yá, yóò ya tirẹ̀ sókè pátápátá: búlọ́ọ̀kù kọnkéré aláwọ̀ yẹ́lò tó fa ìlà dúdú méjì sí lára, kó lè fi kan dáńfó. Òṣùwọ̀n ojúlé ilé-iṣẹ́ ṣì jẹ́ àmì 16 sí 16 láti 2009 títí di òní. Àyè yẹn kéré fún òpó Mápó, ó sì tó fún ìlà dáńfó.

Tàbí kó mú ti àdìrẹ. Àwọ̀ 16 ni irun àgùntàn ní nínú géèmù náà, búlúù sì wà lára wọn. Àpò tí yóò sọ irun àgùntàn búlúù di àdìrẹ nínú ẹ̀yà Java kò ju fáìlì méjì lọ. Ọ̀kan ni pack.mcmeta, tó ń sọ irú ẹ̀yà géèmù tí àpò náà wà fún. Èkejì ni àwòrán kan ṣoṣo, blue_wool.png, nínú fódà assets/minecraft/textures/block. Gbogbo ìyókù ayé náà, igi, omi, òkúta àti ojú ọ̀run, yóò máa wá láti ọwọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀.